Fóònù màmá tí kì í pe ẹnikẹ́ni: ètò ìpè wo ni kí ẹ fi wọ́n sí?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lábẹ́ agbòòrùn ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì ní Sábó, Ìkòròdú, mò ń dúró de ṣéńjì mi. Obìnrin kan dé, ó yọ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan jáde látinú báàgì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ti màmá mi ni. Wọn kì í pe ẹnikẹ́ni, àfi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Èwo ni kí n máa rà sí i fún wọn?" Ọmọkùnrin náà ò tiẹ̀ gbé ojú sókè. "Ẹ fi wọ́n sórí èyí tó ń fúnni ní bọ́nọ́ọ̀sì, mọ̀mí. Ẹ ra ẹgbẹ̀rún kan péré, wọ́n á fún wọn ní rẹpẹtẹ."

Òótọ́ ló sọ, wọ́n á fún wọn ní rẹpẹtẹ. Èyí tí kò sọ ni pé rẹpẹtẹ yẹn á ti ṣòfò kí màmá tó rí nǹkan kan fi í ṣe. Mo fẹ́ dá sí i, àmọ́ ṣéńjì mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti oṣù kìíní ọdún 2025, tí àjọ NCC tó ń mójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti gbà kí wọ́n fi ohun tí kò ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, gbogbo èèyàn ló ń wá èyí tí kò wọ́n. Ìpolówó sì pọ̀ ní títì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n ń polówó fún. Fóònù tó wà nínú ike kọ́sítáádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn màmá, tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn àfi tí ara ò bá yá, kò sẹ́ni tó ń polówó fún un. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Kí ni owó orí líìnì, kí ni bọ́nọ́ọ̀sì?

Síìmù ni páálí kékeré tí à ń kì bọ inú fóònù. Líìnì ni nọ́ńbà tó wà lórí síìmù yẹn. Ètò ìpè ni àdéhùn tí líìnì yín wà lórí rẹ̀: iye tí wọ́n á máa yọ bí ẹ bá ń pe èèyàn, àti ohun tí wọ́n á fi ṣe ènì. Gbogbo líìnì ló wà lórí ètò kan, bóyá ẹ mọ̀ ọ́n tàbí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Èyí tí ọmọ tó bá yín ra síìmù yàn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ wa ṣì wà lórí rẹ̀ dòní.

Owó orí líìnì ni owó gidi tó wọlé nígbà tí ẹ bá ra káàdì. Ó dà bíi gààrí. Ẹ dà á sínú àpò, ẹ so ó lẹ́nu, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà gààrí ṣì ni. Níwọ̀n ìgbà tí líìnì bá ṣì wà láàyè, owó yìí kì í bàjẹ́.

Bọ́nọ́ọ̀sì àti dátà ní tiwọn, mọ́ínmọ́ín ni wọ́n. Wọ́n dùn, wọ́n sì pọ̀ nínú abọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ jẹ wọ́n kí wọ́n tó kan. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méje, ọgbọ̀n ọjọ́, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ sí i. Tí ọjọ́ bá ti pé, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pe èèyàn, gààrí ni kó rà.

Ṣé bọ́nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni?

Rárá o. Ibi tí wọ́n ti ń mú un padà ni owó ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó díẹ̀. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, àpẹẹrẹ lásán ni, torí ètò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.

Ká ní ètò kìíní ń gba kọ́bọ̀ 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì fi nǹkan kan ṣe ènì. Ìṣẹ́jú kan á jẹ́ náírà 15. Náírà 500 á wá fún yín ní ìṣẹ́jú 33 àti díẹ̀. Ètò kejì ń gba kọ́bọ̀ 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn náírà 36 fún ìṣẹ́jú kan. Náírà 500 kan náà níbẹ̀, ìṣẹ́jú 13 ni, ó lé díẹ̀. Wọ́n wá sọ náírà 1,500 lé e lórí pé bọ́nọ́ọ̀sì ni, tó jẹ́ ìṣẹ́jú 41 mìíràn, àmọ́ ọjọ́ méje ni kí ẹ fi jẹ ẹ́ tán.

Ìyá Bọ́lá tó ń ta aṣọ, tó ń pe oníbàárà kiri lójoojúmọ́, á jèrè níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 55 ló máa sọ, dípò 33. Màmá tó ń pe èèyàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù ńkọ́? Ọjọ́ méje á kọjá, bọ́nọ́ọ̀sì á lọ, ìṣẹ́jú 13 ló máa kù fún wọn. Wọ́n ti fi ogún ìṣẹ́jú ṣòfò lórí náírà 500, wọn ò sì pe ẹnikẹ́ni.

Ètò mìíràn tún wà tó máa ń yọ owó kan gedegbe nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá pe èèyàn lójúmọ́, kó tó wá dín owó ìyókù kù. Ẹni tó ń pe ogún èèyàn lójúmọ́ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó jẹ́ pé ìpè kan ṣoṣo ló máa pè lọ́jọ́ náà, ìpè yẹn nìkan ló máa ru gbogbo ẹrù.

Àwa tí a rí ọdún 2001, nígbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mọ̀ pé àsìkò kan wà tó jẹ́ pé náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, tí ẹ bá sì kàn sọ "hẹ́lòó" tí líìnì já, wọ́n ti gba owó ìṣẹ́jú náà lódindi. Ọdún 2003 ni Glo mú gbígba owó ní ìṣẹ́jú àáyá dé, tí àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Torí náà, tí ẹ bá ń fi ètò kan wé èkejì, iye tó jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni kí ẹ bi wọ́n. Ẹ pe 300, nọ́ńbà kan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì báyìí. Ẹ ní: "Mo fẹ́ ètò tí kò ní bọ́nọ́ọ̀sì, tí kì í yọ owó lójúmọ́. Kọ́bọ̀ mélòó ni ìṣẹ́jú àáyá kan lórí rẹ̀?" Kí wọ́n dárúkọ ètò náà fún yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n lè fẹ́ máa sọ ti èyí tó ń fúnni ní ìlọ́po mẹ́fà. Ẹ dá wọn padà sórí ìbéèrè yín.

Wọn ò pe ẹnikẹ́ni, báwo lowó ṣe tán?

Ìbéèrè yìí ló dùn mí jù, torí ó ṣẹlẹ̀ sí màmá tèmi ní Ìjẹ̀dẹ́.

Mo ra náírà 2,000 sórí líìnì wọn lọ́jọ́ ọdún iléyá. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ti pàjáwìrì ni. Wọn ò sì fọwọ́ kàn án. Ní bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ yọ̀ wọ́n lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, wọ́n tẹ nọ́ńbà mi, ohùn obìnrin kan sì dáhùn pé owó orí líìnì wọn kò tó. Ariwo ni wọ́n pa kí ọmọ ará ilé kejì tó gbọ́. Ọlọ́run ṣe é, eegun ò ṣẹ́.

Nígbà tí mo débẹ̀ lálẹ́, mo gba fóònù náà. Ẹ mọ àwọn àkọlé tó máa ń ṣàdédé yọ sójú fóònù kékeré, tó máa ń bo gbogbo ojú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé "OK" ló wà nísàlẹ̀? Màmá ò ka gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí wọn ò bá tẹ bọ́tìnì yẹn, ojú fóònù kò ní padà bó ṣe wà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti fi OK ra àwàdà ojoojúmọ́, wọ́n ti ra ìròyìn bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ti ra orin tí ẹni tó bá pè wọ́n á máa gbọ́ kí wọ́n tó gbé ìpè. Màmá mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, ló ń gba ìròyìn bọ́ọ̀lù òkè òkun láràárọ̀! Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fún wọn kò dá kọ́bọ̀ kan padà nínú owó náà.

Bí ẹ ṣe lè dí ihò yìí nìyí. Ẹ tẹ *305# lórí líìnì náà, ẹ ó rí ibi tí ẹ ti lè já gbogbo ohun tí wọ́n ti fi orúkọ wọn sí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ STOP, ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442, kí àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó má baà wọlé mọ́. Lẹ́yìn èyí, kí ẹ jókòó ti màmá, kí ẹ kọ́ wọn ní bọ́tìnì pupa. Mo sọ fún tèmi pé: "Ohunkóhun tó bá yọ tí ẹ ò pè é, pupa ni kí ẹ tẹ̀." Ó gba bí ìgbà mẹ́rin kó tó mọ́ wọn lára.

Tó bá jẹ́ fóònù ńlá ni wọ́n ń lò, ihò kejì wà níbẹ̀. Bí dátà bá ṣí sílẹ̀ tí kò sì sí dátà tí ẹ rà, fóònù náà á máa fi owó orí líìnì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, á máa wá bí wọ́n á ṣe tún áàpù ṣe, títí owó á fi tán. Ẹ pa dátà, kó wà ní pípa. Bí ẹ bá sì ti ra dátà sí i rí, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi sí pé kó máa ra ara rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ já a kúrò níbẹ̀. Èmi ò rí ìdí tí fóònù pàjáwìrì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ fóònù ńlá. Onítọ́ọ̀ṣì ń lo ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin kí iná orí rẹ̀ tó tán, àwa tí a sì wà ní Ìkòròdú mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ilé-iṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbin tó ń pèsè iná fún Nàìjíríà kò jìnnà sí ilé màmá mi, síbẹ̀ àtùpà kì í jìnnà sí ọwọ́ wọn.

Ẹ máa wo iye tó wà lórí líìnì lóòrèkóòrè. *310# ni. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ṣé líìnì lè kú ni?

Ó lè kú dáadáa. Ibí yìí gan-an ló ṣòro jù fún ẹni tí kì í pe èèyàn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún wọn.

Òfin NCC ni pé bí líìnì kan bá lo oṣù mẹ́fà, ìyẹn ọjọ́ 180, láìṣe ohunkóhun tó ń mú owó wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n láṣẹ láti tì í pa. Bó bá tún lo oṣù mẹ́fà mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gba nọ́ńbà náà, kí wọ́n sì fún ẹlòmíràn. Ó dà bíi ṣọ́ọ̀bù nínú ọjà. Ìlẹ̀kùn tí ẹ ò ṣí fọ́dún kan, ìyálọ́jà á fi ẹlòmíràn sí i, kò sì ní dúró bi yín.

Bàbá kan ní àdúgbò wa fi síìmù kan pamọ́ sínú Bíbélì. Líìnì tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì báǹkì ni. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó bàjẹ́. Ọdún kan àti ààbọ̀ kọjá kí wọ́n tó tún rántí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ wọn pe nọ́ńbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé e, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra síìmù òun ni. Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́, ó rà á lóòótọ́. Àmọ́ ìsọfúnni báǹkì bàbá, iye tó wọlé àti iye tó jáde, ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn ló ń lọ. Ó gba bàbá ní ọjọ́ méjì nílé báǹkì kí wọ́n tó yí nọ́ńbà padà.

Nítorí náà, kí ni "ohun tó ń mú owó wọlé"? Pípe èèyàn kí ó sì gbé e, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Fífi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Ẹ má gbára lé pé owó ṣì wà lórí líìnì, ẹ má sì gbára lé fíláàṣì, torí fíláàṣì tí ẹnikẹ́ni ò gbé kò mú kọ́bọ̀ wọlé fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pe èèyàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìṣẹ́jú méjì. Pẹ̀lú kọ́bọ̀ 25 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lókè, náírà 30 nìyẹn lóṣù, náírà 360 lọ́dún. Iye tó ń gbé líìnì ró kò tó owó búrẹ́dì kan.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo?

Èyí tó wọ yàrá wọn. Kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ń lò ní Ìkejà, kì í sì í ṣe èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ìta gbangba. Ẹ mú síìmù méjì, mẹ́ta lọ, ẹ dúró síbi tí màmá ń sùn sí, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ wá pe ara yín. Nílé wa ní Ìjẹ̀dẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo fẹ́ràn jù máa ń já bí mo bá ti kọjá pálọ̀. Èyí tí mi ò kà sí ló ń dún ketekete títí dé ilé ìdáná. Owó ìpè tó kéré jù ní Nàìjíríà ò wúlò lórí líìnì tí kò wọlé.

Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà àtijọ́ ni gbogbo ẹbí mọ̀, ẹ ò ní láti jù ú nù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni a ti lè gbé nọ́ńbà ẹni kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ sí òmíràn. Ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ lọ bá ni kí ẹ lọ. Kí ẹ kàn mọ̀ pé tí ẹ bá ti gbé e, ẹ gbọ́dọ̀ lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ kí ẹ tó tún lè gbé e lọ síbòmíràn.

Bí fóònù náà bá ń gba síìmù méjì, ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì sí i. Àmọ́ ẹ rántí pé líìnì méjì lẹ ó máa fi ìpè jí lóṣooṣù nìyẹn, kí wọ́n má baà kú.

Orúkọ ta ló wà lórí síìmù?

Tiwọn ni kó jẹ́, pẹ̀lú NIN tiwọn. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti fi ti ara yín rà á kí ẹ sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá jábọ́ sínú omi, tí wọ́n fẹ́ gba síìmù mìíràn, ohun tí àwa ń pè ní "wẹ́kọ́ọ̀mù báàkì" yẹn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni wọ́n máa bi. Bí ẹ bá wà ní Kánádà lọ́jọ́ náà ńkọ́? *996# ni ẹ ó fi wò ó bóyá NIN ti so mọ́ líìnì náà. Ẹ má fi falẹ̀. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni gbèdéke tó kẹ́yìn kọjá, líìnì tí kò sì ní NIN, wọ́n ti tì í pa.

Bí kọ́bọ̀ ò bá sí níbẹ̀ rárá lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀?

Ẹ pe 112. Òun ni nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo Nàìjíríà, kò sì gba owó. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 767 náà wà. Iná, jàm̀bá ọkọ̀, olè, àìsàn tó dé lójijì, ibẹ̀ ni. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù màmá, kí ẹ sì fi orúkọ tí wọ́n á tètè rí pa á mọ́. "Ààà" ni mo fi pa á mọ́ sínú fóònù màmá tèmi, kó lè wà lókè pátápátá.

Ẹ̀yáwó náà wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá ń ṣe é, *303#. Wọ́n á yá yín ní káàdì, wọ́n á yọ èlé wọn kúrò lórí rẹ̀, wọ́n á sì gba owó wọn nígbà tí ẹ bá tún ra káàdì. Ìṣòro rẹ̀ fún irú màmá yìí ni pé bí ẹ bá ṣe ń ra káàdì sí ni wọ́n fi ń mọ iye tí wọ́n á yá yín. Ẹni tó ń ra káàdì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lè tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Torí náà, mi ò kà á mọ́ ohun tí màmá lè fọkàn tán.

Ohun tí èmi ṣe fún tèmi ni pé mo kúrò lórí ètò oníbọ́nọ́ọ̀sì, mo fi náírà 500 sórí líìnì, mo já gbogbo àwàdà àti bọ́ọ̀lù yẹn kúrò. Bí ó bá ti wálẹ̀ dé 300, èmi fúnra mi á fi 200 kún un láti ibi tí mo wà. Nọ́ńbà mẹ́ta ló wà lórí bébà tí mo lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn: tèmi, ti àbúrò mi, ti ọmọ ará ilé kejì.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí, fóònù mi dún ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀. Àyà mi já. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan," wọ́n ní. "Líìnì ni mò ń jí."